Ibi Tí Okùn Yóò Dì Mọ́

Ìbọn bàbá mi kò ní okùn.
Ọwọ́ ló fi ń gbé e láti Ìtókò dé ẹ̀yìn Arákàngà,
ọwọ́ náà ló fi ń gbé e bọ̀, ẹran lórí, òógùn lójú.
Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà,
bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ.
Èmi ò ro ìyà. Èjìká ni mo rò,
èjìká ọ̀tún yìí tí ọ̀kadà dá ní Láfẹ́nwá,
tí kì í jẹ́ kí n sùn bí òjò bá ṣú.

Mo gbé e lọ bá Ṣóẹ̀tán gbẹ́nàgbẹ́nà.
Ó fi ìka kan ìdí ìbọn, kó, kó,
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna.
"Ihò méjì péré, ìṣó méjì, ó parí."
Mo wo dírílì tó fi kọ́ ara ògiri,
mo wo igi apá tí òógùn ọwọ́ bàbá mi ti pa láró.
Mo ní, "Jẹ́ kí n lọ jẹun ná."
N ò padà.

Ògúndíran alágbẹ̀dẹ ní kí n má lu igi rárá,
òrùka irin lòun yóò rọ sí i lọ́rùn.
Ó rọ ọ̀kan. Ó dára, ó ń dán.
Àmọ́ bí mo ṣe gbé e kọ́, tí mo rìn dé ìdí ìgànná,
ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn,
ewúrẹ́ ìyá Ràbí gbórí sókè.
Bí ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu bá gbọ́ mi,
kí ni ìgalà yóò wí?

Mo sì rí ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀:
bí òrùka bá wà lábẹ́, ìbọn a dojú dé lẹ́yìn ẹni,
ohun ìfà a máa gún ni négungun ìhà.
Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbẹ́ wo?
Ọwọ́ òsì ni mo fi ń yìnbọn,
kò sì sóhun tí wọ́n ṣe láyé yìí
tí wọ́n fi ti ọlọ́wọ́ òsì ṣe.

Lálẹ́ Sọ́ńdè mo gbé e lé itan, mo ń fi àdín nù ún.
Aṣọ kọ́ nǹkan kan.
Níbi tí ìdí ti tẹ́ẹ́rẹ́, ihò kan wà,
wọ́n ti fi ìda dí i, ìda ti dúdú bí igi.
Láti ibẹ̀, ojú sísán kan, tín-ín-rín bí irun,
rìn lọ sápá ohun ìfà.

Mo pe màmá mi. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ lálẹ́,
ìka ló fi wá a kàn.
"Hẹ̀n-ẹ́n. Kò sọ fún ọ."
Ọdún tí wọ́n bí mi ló lu ú,
pé kí ọwọ́ òun lè ṣófo láti gbé mi.
Igi sán. Ó dí ihò, kò dárúkọ okùn mọ́.
"Ó wá ń fọwọ́ kan gbé ọ, ó ń fọwọ́ kan gbé ìbọn.
Ìwọ lò ń sunkún. Ìbọn kì í sunkún."

N ò mọ èsì tí wọ́n ń fọ̀ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Líádì aránbàtà rẹ awọ àgbò sómi mọ́jú,
ó fi wọ ìdí ìbọn bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ fọ́mọ,
ó rán an ní tútù.
Oòrùn ló bá a fún un mọ́ igi, mọ́ ojú sísán, mọ́ ìda.
Kò sí ìṣó kankan.
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni mo ní kó fi ojú okùn sí.
Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó dá mi lójú.

Lálẹ́ àná mo gbé e kọ́ èjìká òsì, mo kọjá Arákàngà.
Awọ ń dún díẹ̀, bí ẹni ń mí lójú oorun.
Ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo.
Mo ń wá ibi tí màá kó wọn sí.